Olè Tó Ní Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́: Bí Kòkòrò Ibà Lassa àti Ẹ̀bólà Ṣe Ń Wọ Inú Ara Wa



Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Ọba Àkran, Ìkẹjà, máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agége bó bá ti ṣíwọ́ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní ibà ń ṣe òun. Mo ta oògùn ibà fún un, mo kọ bí yóò ṣe lò ó sára páálí, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ó padà wá: orí ṣì ń fọ́ ọ, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, gbogbo ara ń ro ó. Ọmọ iṣẹ́ mi ló bá ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn náà tún ta oògùn ibà mìíràn fún un. Ọjọ́ kẹjọ ni èmi àti ọkùnrin yìí tó tún fojú kan ara wa, ìgbà náà ni mo wá bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Níbo lẹ lọ kí ibà yìí tó bẹ̀rẹ̀?" Ó ní òun lọ sìnkú bàbá ìyàwó òun ní Ọ̀wọ̀, òun sì sun ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n kó gààrí àti àgbàdo sí.

Mo kọ ìwé lé e lọ́wọ́, mo ní kó gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe ibà Lassa, alhamdulillah. Nǹkan mìíràn ni, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ká ní Lassa ni, èmi gan-an ni mo ti fi ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀ ṣòfò. Ohun tí kòkòrò yìí ń fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ara ni mo fẹ́ ṣàlàyé lóṣù yìí.

Lassa jẹ́ orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno. Ní 1969, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀, Laura Wine, ṣàìsàn, wọ́n gbé e dé Jos, ó sì kú. Àwọn nọ́ọ̀sì míì náà kó àrùn yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yale ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá ya kòkòrò rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é. Inú eku kan tí a ń pè ní eku ọlọ́mú púpọ̀ ló ń gbé. Eku yìí fẹ́ràn ilé ènìyàn àti ibi tí a bá kó oúnjẹ sí. Àrùn náà kì í pa á. Ńṣe ni eku á máa tọ̀ ọ́ jáde, á máa yàgbẹ́ rẹ̀ jáde, sórí abọ́, sórí gààrí, sílẹ̀ yàrá. Ọwọ́ wa á kàn án, ẹnu wa á jẹ ẹ́, tàbí kí a fa eruku rẹ̀ símú bí a bá ń gbálẹ̀. Láàrin ọjọ́ 2 sí 21 lẹ́yìn náà ni ibà á bẹ̀rẹ̀. Nínú ènìyàn 10 tó bá kó o, bíi 8 ni kò ní rí ju ibà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, àwọn míì kò tilẹ̀ ní mọ̀. Àwọn 2 tó kù ni ọ̀rọ̀ kàn.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara wa, bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọlé. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kì í ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́. Ó jọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó yí wa ká yìí, láti Ọba Àkran dé Ògbà, láti Agídíngbí wọ Agége. Ó ní ọgbà tí a fi ọ̀rá mọ, ó ní géètì, ó ní ọ́fíìsì àgbà tí ìwé àṣẹ wà, ó ní ẹ̀rọ tó ń ṣe ọjà, ó ní jẹnẹrétọ̀, ó sì ní aago ìdágìrì tó máa ń dún bí olè bá wọlé. Purotéènì ni ọjà tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe, àwọn purotéènì yìí ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ara.

Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹ̀rọ, kò ní jẹnẹrétọ̀. Ìwé àṣẹ pẹ́ńpẹ́ ló dì mọ́ra, ó sì fi aṣọ ọ̀rá bora. Jíìnì 4 péré ló wà nínú ìwé ti Lassa. Ti Ẹ̀bólà jẹ́ 7. Ti ènìyàn sì tó nǹkan bíi 20,000. Gbogbo ohun tí ìwé náà ń wí kò ju pé kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ṣe irú òun sí i. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n kòkòrò yìí wà lórí bí yóò ṣe dé ìdí ẹ̀rọ.

Lára aṣọ ọ̀rá yẹn ni purotéènì kan ti yọ síta bí ẹ̀gún. Ẹ̀gún yìí ni kọ́kọ́rọ́. Ní 1998 ni àwọn onímọ̀ rí àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ Lassa ń ṣí: purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní dystroglycan, tó wà lára ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì wa. Kì í ṣe nítorí kòkòrò ni Ọlọ́hun fi dá a síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so sẹ́ẹ̀lì mọ́ àyè rẹ̀ bí ìṣó ṣe ń so pákó mọ́ òrùlé, pàápàá nínú iṣan. Okùn ṣúgà gígùn kan wà lára rẹ̀ tó fi ń di nǹkan mú, okùn ṣúgà yẹn gan-an ni Lassa ń rọ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí tí okùn yìí kò pé lára rẹ̀, iṣan rẹ̀ kì í lágbára. A kò lè ní ká yọ àgádágodo yìí dànù kí olè má bàa wọlé. Ilé á wó.

Bí kòkòrò bá ti rọ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló máa gbé e mì. Máígádì rò pé ọjà tí wọ́n ní kí wọ́n kó wá ló dé, ó ṣí géètì fún ọkọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àpò kékeré kan á yí kòkòrò ká, inú àpò náà á sì máa kan sí i bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó yẹ kí ìkan yẹn bẹ̀rẹ̀ sí lọ àjèjì náà nù. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni kòkòrò ń dúró dè. Ní 2014 ni ìwádìí fi hàn pé bí inú àpò bá ti kan tó, ẹ̀gún Lassa á jọ̀wọ́ àgádágodo ti ẹnu géètì, á sì di òmíràn mú tó jẹ́ pé inú ilé ló wà, orúkọ rẹ̀ ni LAMP1. Aṣọ ọ̀rá kòkòrò àti ògiri àpò á yọ́ pọ̀, ìwé àṣẹ á sì bọ́ sáàrin àwọn ẹ̀rọ.

Ẹ̀bólà gba ọ̀nà mìíràn, tó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá wọ inú àpò tán, ọ̀bẹ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, èyí tó fi ń gé purotéènì tó ti gbó, ló máa gé orí ẹ̀gún Ẹ̀bólà, gígé yẹn ló sì máa yọ eyín kọ́kọ́rọ́ síta. Ṣé ẹ rí i, onílé ló ń bá olè pọ́n kọ́kọ́rọ́. Àgádágodo tó ń ṣí ni NPC1, tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara jẹ́ kíkó ọ̀rá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jáde kúrò nínú àpò. 2011 ni wọ́n rí èyí. Àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí a bí láìní NPC1 tó ń ṣiṣẹ́, àìsàn ńlá ni. Nígbà tí wọ́n gbé Ẹ̀bólà sórí sẹ́ẹ̀lì wọn nínú yàrá ìwádìí, kò rí ọ̀nà wọlé. Ọjọ́ tí mo ka èyí, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo ní Subuhaanallah.

Olè tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ kó ẹrù. Wáyà aago ìdágìrì ló ń kọ́kọ́ gé. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí Lassa àti Ẹ̀bólà ń kọ́kọ́ wọ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fúnra wọn, àwọn tó ń rìn káàkiri láti gbé àjèjì mì kí wọ́n sì ta àwọn yòókù lólobó. Bí kòkòrò bá ti ń da ìwé rẹ̀ kọ, irú ìwé onípele méjì kan máa ń jáde tó yẹ kó ta sẹ́ẹ̀lì lólobó. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tajú kán rí i, á tú interferon jáde. Igbe "olè! olè!" nìyẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì àdúgbò á gbọ́, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ Lassa ní purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní NP, tí wọ́n fi hàn ní bíi 2010 sí 2011 pé ó máa ń jẹ ìwé onípele méjì yẹn run kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹ̀bólà ní tirẹ̀ ní VP35 tó ń da aṣọ bo ìwé náà, ó sì ní VP24 tó ń dènà fún ìránṣẹ́ interferon kó má bàa dé ọ́fíìsì àgbà.

Ẹ wá padà wo ọjọ́ mẹ́jọ oníbàárà mi. Ká ní Lassa ló wọ̀ ọ́ ni, aago kò dún, ṣíìfù alẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ó di ọgọ́rùn-ún, ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ti kó o sì ń gbé e rìn lọ sínú ẹ̀dọ̀, sínú ọlọ inú, káàkiri. Ohun tí ẹni náà á mọ̀ lára kò ju ibà, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun àti ara ríro lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ibà ẹ̀fọn náà ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá ní òun ń dúró kí ẹ̀jẹ̀ dà kí òun tó gbà pé ọ̀ràn le, orúkọ tí wọ́n fi pe àrùn yìí ló tàn án jẹ: ọ̀pọ̀ àwọn tí Lassa ń ṣe ni ẹ̀jẹ̀ kì í dà lára wọn rárá. Nígbà tí ara bá jí, ó ti pẹ́, ó sì máa ń fi ìbínú jí. Awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jò, omi á máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ojú lè wú, ìfúnpá á jábọ́, kíndìnrín á dákẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú àwọn tó bá yè é, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ni etí wọn máa ń di.

Ní 1986 ni wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Sierra Leone lórí oògùn ribavirin. Nínú àwọn tí àrùn náà wọ̀ lára gan-an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gún lábẹ́rẹ́ rẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́, ìdá 5 nínú 100 ló kú. Àwọn tó di ọjọ́ keje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 26. Àríyànjiyàn wà lónìí láàrin àwọn onímọ̀ lórí bí agbára ribavirin ṣe tó, mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé kí aláìsàn tètè dé ilé ìwòsàn. Èyí ló fà á tí mo fi kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi báyìí pé ẹni tó bá lo oògùn ibà tó péye fún ọjọ́ mẹ́ta tí ibà kò sì lọ, kò sí oògùn ibà kejì fún un níbí, ilé ìwòsàn ló kàn. Títí ẹ ó fi débẹ̀, parasítámọ̀ ni kí ẹ lò sí ara gbígbóná, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen, nítorí àwọn yẹn máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yá jáde.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó kan àwa Yorùbá tààrà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ lágbàáyé ń ya àwòrán bí DNA ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, ènìyàn 90. Ní 2007, Pardis Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ náà wò. Wọ́n ń wá ibi tí ẹ̀yà jíìnì kan ti tàn kálẹ̀ kíákíá láàrin àwọn baba ńlá ẹ̀yà kan, tó fi hàn pé àǹfààní kan wà lára rẹ̀ fún ẹni tó ní in. Ọ̀kan nínú ibi tí àmì yìí ti hàn gedegbe lára Yorùbá ni jíìnì tó ń jẹ́ LARGE. Kí ni iṣẹ́ LARGE? Òun ló ń hun okùn ṣúgà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, okùn tí Lassa ń rọ̀ mọ́. Àbá tí wọ́n dá ni pé ó ṣeé ṣe kí Lassa ti wà láàrin wa tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó fún un lórúkọ, kí àwọn tí okùn ṣúgà wọn yàtọ̀ díẹ̀ sì ti yè é ju àwọn míì lọ. Ní 2024, ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà àti Sierra Leone: ní Nàìjíríà, Lassa kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ní ẹ̀yà LARGE yìí tó àwọn tí kò ní in. Wọn kò rí bẹ́ẹ̀ ní Sierra Leone.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe fọ́ńté o. Mo ti gbọ́ kí àgbàlagbà kan sọ ọ́ nínú mọ́sáláàsí pé Yorùbá kì í ní Lassa, pé àrùn àwọn ará òkè lọ́hùn-ún ni. Kó lọ bi ará Ọ̀wọ̀. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn tí Lassa ń dà láàmú jù ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Jíìnì kì í ṣe tírà.

Ẹ̀bólà ní tirẹ̀, ilé wa ló wá bá wa. Ní 20 Oṣù Keje 2014, nínú ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Rọmọdọ́ọ̀nù, ni Patrick Sawyer dé láti Liberia, tó balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed níbí ní Ìkẹjà pẹ̀lú àìsàn lára. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ní ilé ìwòsàn First Consultant ní Obalende ló ronú sí ibi tí ọkùnrin náà ti wá, ló ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Ẹ̀bólà, tó sì kọ̀ láti jẹ́ kó jáde bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ ọn. Sawyer kú ní 25 Oṣù Keje. Dókítà náà kó o, ó sì kú ní 19 Oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ àwọn bíi 900 tó ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò ní nǹkan bí ìgbà 18,500, títí ọjọ́ 21 oníkálukú fi pé. Ní 20 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde pé Ẹ̀bólà ti tán nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá mọ ohun tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi lélẹ̀ nípa ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀, pé kí ará ìta má wọ ibẹ̀, kí ará ibẹ̀ má sì sá jáde, kò ní rí ọjọ́ 21 yẹn bí nǹkan àjèjì.

Láàrin gbogbo rẹ̀ ni ìròyìn omi iyọ̀ dé. Òru mọ́jú Jímọ̀ọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ, fóònù ń dún káàkiri Èkó pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí a sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe é. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru tẹ́lẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú orí fífọ́, mo sì ń fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá wọn títí ìrun Jímọ̀ọ̀. Ẹ ti rí ọ̀nà tí kòkòrò yìí ń gbà báyìí: inú àpò, inú sẹ́ẹ̀lì. Iyọ̀ tí ẹ bá mu kò lè bá a níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ yín ló máa bá. Ohun tó ń bá kòkòrò jà gan-an ni ọṣẹ, níta, kó tó wọlé. Aṣọ ọ̀rá rẹ̀, ara sẹ́ẹ̀lì wa ló ti jí i bó ṣe ń jáde, ọ̀rá sì ni ọ̀rá. Bí ọṣẹ ṣe ń tú epo pupa kúrò lára abọ́ náà ló ṣe ń tú aṣọ yìí, ẹ̀gún á já dànù, kọ́kọ́rọ́ kò sí mọ́. Omi lásán kì í ṣe èyí. Àlùwàlá jẹ́ ìjọ́sìn, èmi kò ní kí ẹ fi ọṣẹ ṣe é. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ilé ìkẹ́rùsí bọ̀. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nílẹ̀, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ da omi búlíìṣì sí i, kí ẹ jẹ́ kó mu, kí ẹ tó nù ún. Bíbo oúnjẹ àti abọ́ lálẹ́, Súnnà ni.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ òkú ló kù, èyí tí àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ jánàásà ní mọ́sáláàsí wa ń bi mí léèrè rẹ̀ jù. Ẹni tí Ẹ̀bólà bá pa, ọjọ́ tó kú ni kòkòrò pọ̀ jù lára rẹ̀, nítorí pé aago rẹ̀ kò dún títí ó fi kú: ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú èébì, lára awọ ara. Omi tí a bá fi wẹ̀ ẹ́ ló máa gbé e wá sọ́wọ́ wa. Ọ̀nà yìí ló gbà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Guinea àti Sierra Leone, mùsùlùmí tó ń ṣe ẹ̀tọ́ ikẹ́yìn fún mùsùlùmí. Ní Oṣù Kọkànlá 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ìsìnkú jáde tí wọ́n bá àwọn ẹlẹ́sìn jíròrò lé lórí, ó sì fàyè gba táyàmọ̀mù fún òkú mùsùlùmí dípò ìwẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ ààbò ni kó sì fọwọ́ kàn án. Lèmọ́mù wa ti ṣàlàyé ìdájọ́ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ jánàásà, n kò ní gba iṣẹ́ àwọn alfa ṣe. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá kú pẹ̀lú ibà tí a kò mọ ìdí rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lára rẹ̀, a kò ní fọwọ́ kàn án títí a ó fi pe àjọ NCDC lórí 6232, ìpè náà kò náni lówó. Fún gbogbo òkú yòókù, ìbọ̀wọ́ àti ọṣẹ. Páálí ìbọ̀wọ́ méjì ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwẹ̀ òkú báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́fíńdà, ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ládàánì.